Àwọ̀ Ìràwọ̀ Òkun

Òórùn fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹran jẹrà, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò wa ní yunifásítì Sàmàrù, ní Zaria, kí ojú tó rí ohunkóhun. Ó ń ta ni nímú, ó ń fa omi lójú, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ètè gbogbo wa ti là bí àkùrọ̀ tó gbẹ. Inú àwọn ìgò tó kún fún oògùn yẹn ni gbogbo òkun tí mo mọ̀ wà: alákàn, edé ńlá, àti ìràwọ̀ òkun, ẹranko alápá márùn-ún tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Zaria ni wọ́n bí mi sí, nítorí iṣẹ́ rélùwéè tí bàbá mi ń ṣe, ìwọ náà sì mọ bí ibẹ̀ ti jìnnà sí òkun tó. Síbẹ̀, láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń ka ìwé nípa ẹran inú omi iyọ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá kò jẹ́ n gbádùn. Mai Kifi ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn ẹlẹ́ja. Tí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, tí a to garawa sílẹ̀, ẹnìkan á kígbe pé, "Mai Kifi, òkun ẹ dà? Bù díẹ̀ fún wa ká fi wẹ̀!"

"Omi iyọ̀ ni," èmi náà á ní. "Á yún yín lára."

Lọ́dún tí à ń parí lọ, wọ́n ní ẹnìkan ṣoṣo nínú wa ni yóò lọ sí ibùdó ìwádìí kan létí òkun, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ àyè yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo kàwé títí ojú mi fi wọnú. Mo mọ̀ pé abẹ́ ni ẹnu ìràwọ̀ òkun wà, pé àìmọye ẹsẹ̀ wínníwínní tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ló fi ń rìn. Tó bá fẹ́ jẹ ẹran inú ìkarahun, yóò ya ìkarahun náà díẹ̀, yóò ti ikùn ara rẹ̀ síta gba ẹnu, yóò sì jẹ ẹ́ mọ́ inú ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó dàgbà sí etíkun. Orúkọ Látìn tí ìwé fi ń pe àwọn ẹran náà kì í dúró sí i lórí. Èmi ni mo ń bá a tún un kà.

Ọjọ́ ìdánwò àfẹnusọ tí wọn yóò fi mú ẹni tó ń lọ pé. Àgbàlagbà kan láti etíkun ni olùdánwò, eruku ọ̀nà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó gbé ìgò ìràwọ̀ òkun síwájú mi. Gbogbo ohun tó bi mí ni mo dáhùn, ó sì ń mi orí. Ó wá ní, "Àwọ̀ wo ló ní?"

Mo wo ìgò. "Funfun, sà. Bí ẹfun."

Ó sọ bírò kalẹ̀. "Nígbà tó wà láàyè ni mò ń wí."

"Funfun náà ni, sà."

Ó pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ó fi Yorùbá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o ti dé etí òkun rí?"

"Rárá, sà."

Oògùn ti fọ àwọ̀ ẹran náà dànù kí n tó débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí òun sọ fún mi. Ọmọ etíkun yẹn ni wọ́n mú. Ó wá bá mi lábẹ́ igi dógóyárò.

"Mai Kifi, ṣé ò ń bínú sí mi?"

"Rárá. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ìwọ lo kọ́ mi o."

"Mo mọ̀. Máa lọ, kí rélùwéè má fi ọ́ sílẹ̀."

Òótọ́ ni mo sọ. Ó rẹ̀ mí, àárẹ̀ náà kò sì kúrò lára mi bọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí iṣẹ́ tó gbé mi dé Èkó. Mo lọ síbi tí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n. Ìràwọ̀ òkun kan há sínú rẹ̀, ó pupa rúsúrúsú bí epo tó dì. Mo dojú rẹ̀ dé, àwọn ẹsẹ̀ wínníwínní yẹn ń mì, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò dì mú.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í jẹ ẹ́ o," apẹja kan wí.

Mo ní mo mọ̀. Mo jù ú padà sómi. Inú mi kò dùn tó bí mo ti rò pé yóò dùn, n kò sì bínú sí olùdánwò yẹn mọ́. Mo kàn rí i pé bí ẹni tó wẹ òkú àlejò ni mo ti rí ní gbogbo ìgbà èwe mi: ó mọ gbogbo àpá tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.