Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Safurat Kò Fẹ́ Fọwọ́ Sí

Èmi ni mo tẹ ìwé náà, n kò ní í purọ́. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò, ń sọ ọ́ lẹ́nu, èmi sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ: pé Safurat fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ, pé òun ló ba pọ́tàlì ilé ẹ̀kọ́ wa jẹ́, pé ó ń tọrọ àforíjì. Bí kò bá fọwọ́ sí i kí ọ̀sán Jímọ̀ tó pé, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò.

Ilé ẹ̀kọ́ ìlera aládàáni ni tiwa, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Takié. Safurat ló ń tọ́jú sáfà, ẹ̀rọ tí pọ́tàlì ń gbé inú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Baba rẹ̀ ń ran tìmùtìmù awọ, àfi bíi pé awọ yẹn náà ni wọ́n fi ṣe ọmọ, nítorí kì í rọ̀ bọ̀rọ̀.

Bí iná bá ti lọ, tí a gbé e sí jẹnẹrétọ̀, sáfà á kú, á tún tàn. Pọ́tàlì á ṣí, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ á hàn, ṣùgbọ́n apá tó ń gbé èsì ìdánwò jáde kò ní í jí. Ọ̀sẹ̀ tí èsì àṣekágbá jáde, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn òbí wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá pariwo lé ọ̀gá lórí. Ebenezer, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá, ló ṣe pọ́tàlì náà fún wa, ẹnu ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kan Ebenezer. Safurat ló kù tí wọ́n lè dà á lé lórí.

Èmi náà lọ bá a. "Safu, mo mọ̀ pé o ò ṣẹ̀. Ṣáà kúnlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe."

"Ìyá Tijésùnimí, ṣé ọ̀gá ni òṣìkà yẹn, mà?"

Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá ọ̀gá ń gbọ́ wa.

"Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá bẹ̀bẹ̀ lónìí, iná á tún lọ lọ́la. Ta ló máa wá kúnlẹ̀ nígbà yẹn?"

Ó padà sídìí sáfà. Ẹ̀rọ yẹn máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò. Lọ́jọ́bọ̀, ó pè mí pé kí n wá wò ó. Bí iná bá ti dé, kíá ni apá tó ń gbé èsì jáde ń jí. Ibi tí a kó èsì náà pamọ́ sí kì í jí àfi lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Èkíní á béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní í rí ìdáhùn, á sì dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Ó ké àgò lẹ́nu ọ̀nà," Safurat ní, "kò dúró kí onílé ní àgò yà, ó ti bínú lọ. Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ nílé?"

Ó kọ ọ́ sínú ètò tó ń darí apá èkíní náà pé kó máa dúró, kó tún béèrè, títí yóò fi gbọ́ ìdáhùn.

Ní Jímọ̀, ó mú ìwé náà wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pa iná, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ọ̀gá kọ̀. Safurat jáde, ó sì fa ọ̀pá tó ń pa iná ilé wálẹ̀ lára ògiri fúnra rẹ̀. Ọ̀gá jáde tẹ̀ lé e. Safurat tì í padà sókè, gbogbo wa sì ń wo pọ́tàlì lórí fóònù mi. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, èsì ìdánwò jáde. Ó tún pa á, ó tún tàn án. Èsì tún jáde.

Ọ̀gá wúkọ́. "Ó dáa. Ṣáà fọwọ́ sí i. Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ pé o máa bẹ̀bẹ̀."

Inú bí mi. Safurat kò janpata. Ó dojú ìwé náà délẹ̀, ó kọ ohun tó ṣe pọ́tàlì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú àáyá náà, àti orúkọ ẹni tó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó wá fọwọ́ sí i.

"Mo ti fọwọ́ sí i, sà."

Ọ̀gá wo ìwé, ó wò mí. "Ìyá Tijésùnimí, ẹ lọ tẹ òmíràn."

"N kò tẹ òmíràn, sà."

Mo mú ìwé náà, mo fi í sínú fáìlì bó ṣe wà, ojú tí èmi tẹ̀ ló dojú bolẹ̀.