Pétérù Sẹ́ Owó Ara Rẹ̀

Ẹ̀yìn ààrò ni wọ́n bí Alheid sí. Búrẹ́dì ni bàbá rẹ̀ ṣe títí ó fi kú. Ọkọ rẹ̀ náà, búrẹ́dì. Ó wá ku òun nìkan nídìí ìyẹ̀fun. Àmọ́ ààrò kì í ṣe tiwọn. Bíṣọ́ọ̀bù tó ni ìlú ló ni ín, ọjọ́ ọdún Mátíìnì Mímọ́ ni wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù rọ owó bàbà dípò fàdákà, tó ya Pétérù Mímọ́ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí i lára, ọjà kọ̀ ọ́. Tönnies alápatà, aládùúgbò Alheid, ní ajá òun gan-an ò ní gbà á. Ni Fadá Gottschalk bá gun àga ìwàásù.

"Ẹni tó bá kọ owó Pétérù, Pétérù ló kọ̀."

Alheid gbà. Fadá yìí ló sin ọkọ rẹ̀. Látọjọ́ náà, tálákà tó bá ní bàbà lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ Alheid ló ń wá.

"Ìyá oníbúrẹ́dì!" Tönnies a máa kígbe láti ìsọ̀ rẹ̀. "Ṣé Pétérù yìí kọ́ ló sẹ́ Olúwa ẹ̀ kí àkùkọ tó kọ?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, alápatà. Ó kúkú sunkún nígbẹ̀yìn."

Ọdún Mátíìnì dé. Alheid gbé àpò bàbà lọ sí àgbàlá Bíṣọ́ọ̀bù. Ta ló jókòó nídìí tábìlì ìgbowó? Gottschalk.

Kò tilẹ̀ tú àpò. "Ọmọ mi, fàdákà là ń gbà níbí."

"Fadá, owó Pétérù mà ni."

"Mo mọ̀. Ti ọjà nìyẹn."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má kọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni mo ní kẹ́ ẹ má kọ̀ ọ́. Ṣé mo ní àwa ò ní kọ̀ ọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun Alheid jù.

Wọ́n gba ààrò. Ọkọ àbúrò Gottschalk ni wọ́n fún. Wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún un láti ìgbà ìkórè. Gbogbo ilé ìdáná Bíṣọ́ọ̀bù ló mọ̀.

Tönnies wá bá a kó ẹrù. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ìyẹn gan-an ló burú.

Ìránṣẹ́ kan dé. "Ìyá, Fadá ní kẹ́ ẹ má pa iná o. Kí ẹni tó ń bọ̀ lè bá ààrò ní gbígbóná."

Alheid rántí àwọn tálákà tí yóò tò síta lówùúrọ̀ pẹ̀lú bàbà wọn.

Ó bu omi, ó dà á sínú ààrò.

Omi tútù lára bíríkì gbígbóná. Ààrò sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alheid gbọ́ ọ.

Ó bu òmíràn.