Táńkà Tó Dúró ní Ẹnubodè

Ẹ̀bá Ìdìròkò ni wọ́n bí mi sí, níbi tí àwọn onífàyàwọ́ ti ń gbé bẹntiróòlù gba inú igbó kọjá sí Bẹ̀nẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ epo tó gbiná. Mo sì rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ fi dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wá dé ìlú òyìnbó, mo ń ṣọ́ géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock. Ẹni tí a jọ wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Pàṣitúnì láti Pakísítánì, tó ń gbé nítòsí wa ní àdúgbò Valence. Kò ju àkọ́bí mi lọ. Kákà ló máa ń pè mí, bí àwọn ṣe ń pe arákùnrin bàbá ẹni. Bó bá tọ́ oúnjẹ mi wò, á pariwo:

“Kákà, ata yìí lè pa ẹṣin!”

“Ṣé ẹṣin ni ọ́?”

Á tún bu ṣíbí kejì.

Ó ní àbúrò kan tó ń wa táńkà. Ẹ ṣáà rántí ogun tí àwọn òyìnbó lọ jà ní Afiganísítánì. Àwọn ọmọ ogun ìlú tí a ń gbé yìí náà wà níbẹ̀. Afiganísítánì kò ní òkun. Kàráṣì, ní etíkun Pakísítánì, ni ọkọ̀ ojú omi ti ń já epo àti oúnjẹ wọn, kí àwọn awakọ̀ tó gbé e gun orí òkè lọ sí ẹnubodè. Ìjọba Pakísítánì ló fún wọn lọ́nà. Ojú ọ̀nà yẹn náà ni àwọn tó ń bá òyìnbó jà ti ń dúró de àwọn táńkà láti dáná sun wọ́n. Pàṣitúnì ló wà lápá méjèèjì ẹnubodè, bí àwọn Kétu ṣe wà lápá tiwa nílé àti ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó gbé epo àti ẹni tó ń sun ún lè jẹ́ ìbátan.

Nígbà tó yá, ìjọba Pakísítánì bínú sí àwọn òyìnbó nítorí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n pa, ó ti ẹnubodè pa. Táńkà tò lọ bí èèrà. Àbúrò rẹ̀ há sáàárín, epo kún ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́.

“Kí ló dé tí kò fi ọkọ̀ náà sílẹ̀?” ni mo bi í.

“Kákà, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Bó bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́?”

Lójoojúmọ́, tí a bá jókòó mu tíì, á pe àbúrò náà. Lọ́jọ́ kan, fóònù kò wọlé. Lọ́jọ́ kejì, kò wọlé. Tẹlifíṣọ̀n yàrá ìsinmi wá fi èéfín dúdú hàn wá lórí òkè: wọ́n ti kọ lu àwọn táńkà tó tò sílẹ̀. Wọn kò sọ ẹni tó kú.

Aládùúrà ni mí. Mo mú bébà, mo ní kó fún mi lórúkọ àbúrò rẹ̀, kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ ọ́.

“Orúkọ ìyá rẹ̀ ńkọ́?”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ìyá mi ṣe?”

“Bí a ṣe ń gbàdúrà nìyẹn. Lágbájá ọmọ lágbájá. Ìyá ló mọ ọmọ.”

“Ẹ gba ti bàbá wa.”

“Kì í ṣe ti bàbá.”

Ó dìde, ó fi tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dúró sínú òjò.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. “Bàbá, ẹnu yín yìí! Ẹ ò mọ̀ pé wọn kì í dárúkọ obìnrin ilé wọn fún ará ìta?”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ìyàwó rẹ̀ tí a jọ ń dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé àwọn ọmọ. Ìyá lágbájá ni gbogbo wa ń pè é. Orúkọ ọmọ rẹ̀ la mọ̀, a ò mọ tirẹ̀.”

Ẹ̀rù tó ń bà mí wá di méjì. Ọmọ tó wà lórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo ti ọwọ́ bọ egbò rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dárúkọ ọmọkùnrin náà, mo ní “ọmọ,” ẹnu mi sì dúró síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ inú ahéré géètì wá bá mi, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi ẹnu sí mi létí, ó sọ orúkọ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré.

“Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀.”

“N kò ní kọ ọ́.”

“Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Títí dé sàréè mi.”

Ìgbà yẹn ni mo mọ bí ẹ̀rù ṣe bà á tó. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Lọ́rí kan ń fọn fèrè níta pé ká ṣí géètì. Ó fọn ọ́n tì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àbúrò náà pè, pẹ̀lú fóònù onífóònù. Ó ti bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí iná ran táńkà iwájú, ó sá gun òkè, ó rìn fún ọjọ́ méjì. Awakọ̀ táńkà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ búrẹ́dì láti ìgbà tí ọ̀nà ti há, kò jáde.

A dúpẹ́. Oṣù díẹ̀ kọjá, wọ́n ṣí ẹnubodè.

“Kákà,” ó wí lọ́jọ́ kan, “ó ti gba táńkà mìíràn.”

“Ta ló ní kó gbà á?”

“Ìyá wa bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má gbà á. Iṣẹ́ wo ló tún wà lọ́nà ọ̀hún?” Ó wo aago ara ògiri. “Àárọ̀ yìí ló kúrò ní Kàráṣì.”

Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó yí ojú fóònù náà sókè kí a lè rí i bó bá pè. Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò fọwọ́ kan oúnjẹ.