Alángbá Aláìlórí Lára Aṣọ Sányán

"Yèyé, alángbá yìí kò lórí."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ìyá tó bí màmá mi dá ọwọ́ dúró lórí òfì tó fara ti ògiri yàrá rẹ̀ ní Ìpótì. Láti àárọ̀ ni pákó tó fi ń gbá òwú mọ́ra ti ń dún, gbà, gbà, tí òórùn kòkó tí wọ́n sá síta sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. 

Sányán ni ó ń hun, fún ìgbéyàwó àbúrò màmá mi obìnrin. Láti ara ilé kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń fa òwú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti èèpo ẹ̀pà. Òwú dídán bíi fàdákà ni Yèyé fi ń ya alángbá sí i lára. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni Èkìtì wa ṣì wà nígbà náà. Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Ìjerò, ọ̀dọ̀ Yèyé ni mo sì ti máa ń lo ọlidé.

Ó ń fi ìka wá orí alángbá náà lára aṣọ. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀.

"Yèyé, ṣé ẹ ò ríran ni?"

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó rọra wí. "Bí àwọn ọmọ mi bá gbọ́, wọn á gbé mi lọ jókòó sí ulé wọn bí ẹrù. Uṣẹ́ yìí ni mo mọ̀. Jẹ́ kí n parí aṣọ ọmọ mi."

Mo ṣèlérí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í, tí mò ń bá a ka òwú. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bá a níbi tó ti fẹ́ da kẹrosíìnì sínú ìkòkò ọbẹ̀, ó rò pé òróró ni. Iná ń jó lala lábẹ́ ìkòkò. Mo já ìgò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí màmá mi dé ní Sátidé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Yèyé kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nínú mọ́tò tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́, ó kẹ̀yìn sí mi. Àdúrà tí mo ń gbà ni pé kí ó má kú, kí ó má sì kórìíra mi.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣí báńdéèjì kúrò. Yèyé ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú.

"Aṣọ mi dà?"

Màmá mi, tó ti tú u kúrò lórí òfì kí a tó gbéra, fà á yọ látinú báàgì. Yèyé gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé.

"Ẹ wá wo uṣẹ́ ọwọ́ mi! Èyí lẹ́sẹ̀ márùn-ún, èyí kò lórí! Ṣé báyìí ni ọmọ mi ì bá ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi. "Ìwọ olófòófó, sún mọ́ ibí." Ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó wò mí títí. "O ti ga tó báyìí! O ṣeun, ọmọ mi."

Mo bú sẹ́kún, àyà mi sì fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù igi kalẹ̀ kúrò lórí mi.

Ó tú ibi tó bàjẹ́, ó tún un hun, ìyàwó sì wọ̀ ọ́ re ṣọ́ọ̀ṣì.

Títí di òní, àwọn ènìyàn máa ń finú hàn mí, mo sì máa ń bò wọ́n láṣìírí. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i pé àṣírí kan fẹ́ pa ẹni tó ni ín, mo máa ń sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ máa bínú sí mi. Mo mọ bí ìbínú ẹni tí a fẹ́ràn ṣe ń dunni tó. Mo sì mọ̀ pé ó sàn kí ó wà láàyè kí ó máa bínú.