Ẹ̀pà Tó Gbiná Níwájú Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí ìyá ọkọ mi ní Ìlobù, àyà mi ń já bí ẹni tó fẹ́ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọmọ Ìfọ́n ni mí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kìlọ̀ fún mi: "Kúnlẹ̀ dáadáa o. Má sọ̀rọ̀ jù."

Mo kúnlẹ̀ dáadáa. Ti ẹnu ni mi ò lè kó ní ìjánu.

Ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé àwo ẹ̀pà yíyan lé itan. Nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n dín ara kù nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n.

"Mo ti pa iṣu tì," wọ́n ní. "Ẹ̀pà wóró-wóró yìí ni mò ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Síbẹ̀, ara ò fọn, iṣu sì ń wù mí jẹ."

Kí n tó mọ̀, mo ti là á: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí a bá wọn ẹ̀pà àti iṣu sísè kí wọ́n wúwo dọ́gba, kálórì ẹ̀pà pọ̀ ju ti iṣu lọ fíìfíì. Òróró ló kún inú ẹ̀pà, omi ló pọ̀ nínú iṣu."

Àfẹ́sọ́nà mi, ọmọ wọn tó mú mi wá, tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Kí ló ń jẹ́ kálórì?" ìyá bèèrè.

"Agbára inú oúnjẹ ni mà. Ó ṣe é rí bí iná."

"Iná nínú ẹ̀pà? Fi hàn mí."

Mo fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀pà kan, mo ṣáná sí i. Ó gbiná fòò! Mo gbé agolo mílíìkì tí mo bu omi díẹ̀ sí lé e lórí, omi náà sì gbóná. Iṣu sísè ò lè jó, nítorí náà mo mú èérún iṣu gbígbẹ tí wọ́n fẹ́ lọ̀ ní èlùbọ́. Ó rú èéfín, etí rẹ̀ pọ́n, ó kú.

Aládùúgbò wọn tó ti gbọ́ ibi tí mo ti wá yọjú lójú fèrèsé, ó pariwo: "Ẹ gbà wá o! Ọmọ Ìfọ́n ń dáná sun ilé ní Ìlobù!"

Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Àfi bí ìyá ṣe bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń lu itan.

"Ẹ̀pà ló ń sun, kì í ṣe ilé! Ẹ wọlé wá wo iná tí mo ti ń gbé mì!"

Aládùúgbò wọlé, òun náà mú kóró kaṣú wá. Èyí tún jó ju ẹ̀pà lọ! Ẹ̀rín pa wá débi pé àfẹ́sọ́nà mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé kí n má fẹnu kan ẹ̀pà mọ́ ni?" ìyá bèèrè.

"Rárá o, mà. Ó ń ṣara lóore, ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Ẹ lè jẹ iṣu náà, ẹ má kàn jẹ ẹ́ jù."

Iṣu ti dé orí iná kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí a ń dágbére, àfẹ́sọ́nà mi rọra bèèrè pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ gbà kí n fẹ́ ẹ?"

"Tirẹ̀ ti yanjú," wọ́n ní. "Ìwọ ni mò ń rò ó bóyá o tó fún un."

Lórí ọ̀kadà, mò ń dá rẹ́rìn-ín títí ọlọ́kadà fi bojú wẹ̀yìn. "Àǹtí, ṣé kò sí o?"

"Mo fẹ́ lọ́kọ!" mo kígbe.

Ó fun fèrè ọ̀kadà rẹ̀ fún mi títí a fi wọ Ìfọ́n.