Orville Gbé Ilé Gun Òkè

Gẹrígẹrí ni Orville Stensrud ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ gbàǹgbà kan tó ní yàrá, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, ó ní òun àti Darlene ìyàwó òun yóò fi lọ wo aṣálẹ̀ California.

Darlene wo ọkọ̀ náà títí. "Orville, ọkọ̀ kọ́ lo rà yìí. Ilé lo fi táyà sí nídìí."

Òkè wà lọ́nà kí wọ́n tó dé aṣálẹ̀. Wọn ò tíì gùn ún dé ìdajì tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Orville ti gbọ́ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí awakọ̀ tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀, kí gbígbóná ẹ́ńjìnì lè rí ibi gbà jáde. Ó tàn án nínú oòrùn ganrínganrín. Òógùn bo àwọn méjèèjì.

"Ẹ́ńjìnì ti ń tutù," ni Orville wí.

"Mo gbọ́. Èmi ni mo ń jinná."

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lódìkejì òkè náà, Orville ń tẹ bíréèkì, kò gbẹ́sẹ̀ kúrò. Òórùn nǹkan tó ń jó gba inú ọkọ̀.

"Ṣé o gbé nǹkan kaná ni?" ni Orville bi ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ kọ́ ni mo jókòó sí? Ẹsẹ̀ rẹ lo fi ń dáná."

Bíréèkì ti ń rọ̀ kí Orville tó rí ibi yà sí. Èéfín ń rú lábẹ́ ọkọ̀. Obìnrin kan tó ń wa tírélà dúró tì wọ́n.

"Bàbá, jíà kékeré tẹ́ ẹ fi gùn ún náà ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bíréèkì tutù ná."

Nígbà tó tutù, Orville na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Jọ̀ọ́, bá mi wà á."

Darlene fi jíà kékeré wà á jẹ́jẹ́ bí ìgbín. Ọkọ̀ tò sẹ́yìn wọn, wọ́n ń fọn fèrè.

"Wọ́n ń bínú o," ni Orville wí.

"Kí wọ́n máa bínú. Ilé mi ni mo gbé dání, n ò ní í torí wọn sáré."

Wọ́n gúnlẹ̀ sáàárín iyanrìn láyọ̀. Orville ò dúró kí wọ́n rán an níṣẹ́, ó din ẹyin àti ànàmọ́ fún ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, bí atẹ́gùn tilẹ̀ ń bu iyanrìn sí i.

Láti ọjọ́ náà, Orville ló ń wà á gòkè, Darlene ló ń wà á sọ̀. Bí àwọn ọkùnrin níbi ìpàgọ́ bá fi Orville ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ló ń bá a wa ọkọ̀ sọ̀, á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ bá mi dé orí òkè yẹn ná."