Kantíkantí Kì í Fi Ebi Sùn

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ kantíkantí bó ṣe ń sùn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Eṣinṣin tíntìntín tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ni mò ń wí. Níbi iṣẹ́ wa l'Ábújá níbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀, oúnjẹ á wà lápá kan, ẹ̀rọ á sì máa ṣọ́ ọ. Èyí tó bá ń rìn, ẹ̀rọ á mọ̀. Èyí tó bá dúró pẹ́ láìmira, a gbà pé ó ti sùn. À ń pààrọ̀ oúnjẹ ká lè mọ èyí tó ń mú oorun wá àti èyí tó ń lé e lọ.

Màámi ò ka èyí sí iṣẹ́ rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mi débẹ̀, àgbàdo lílọ̀, ṣúgà àti ìwúkàrà ni mò ń rò lórí iná. Wọ́n bi mí ṣé torí kí n lè máa ro ògì fún eṣinṣin ni àwọn àti Dádì ṣe rán mi lọ sí yunifásítì. Wọ́n tún ní ògì ọ̀hún ò tíì jinná.

Látìgbà tí Dádì ti kú ni Màámi ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Jahi, látìgbà náà sì ni oorun ò ti kùn wọ́n mọ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, wọ́n á ti gbálẹ̀, wọ́n á ti ṣa ẹ̀wà tẹ́nikẹ́ni ò ní sè. Wọ́n ń gbẹ lójú mi. Dókítà kan ní Maitama yẹ̀ wọ́n wò, kò rí àìsàn kankan, ó fún wọn lóògùn oorun. Wọ́n ní nílé bàbá àwọn, ẹnìkan kì í ra oorun. Mo bínú, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń bà mí ní tèmi. Mi ò fẹ́ sin òbí méjì tẹ̀léra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a kó kantíkantí díẹ̀ sínú ìgò tó jẹ́ pé omi nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn tó yó ti ń sùn. Àwọn tébi ń pa ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn ò jókòó. Kì í ṣe nǹkan tuntun, gbogbo wa la mọ̀ pé ebi ń lé oorun. Àmọ́ bí mo ṣe ń wo ọ̀kan, ìró sílípáàsì Màámi tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú pálọ̀ lóru ni mò ń gbọ́ lọ́kàn. Mo wá ronú títí, mi ò rántí ìgbà tí mo rí wọn kí wọ́n jẹun alẹ́ gbẹ̀yìn.

Wọ́n á bu tèmi, wọ́n á bu tiwọn, wọ́n á fi abọ́ dé tiwọn sórí tábìlì. Wọ́n á ní kí n máa jẹ, àwọn ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tá a wà lọ́mọdé: àwa á jẹun, Màámi á dúró títí Dádì á fi ti ọ́fíìsì dé, àwọn méjèèjì á wá jọ jẹun.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, abọ́ wà níbi tó máa ń wà. Mi ò jókòó.

“Màámi, ta lẹ ń dúró dè?”

Wọ́n fọwọ́ kan ìdérí abọ́ náà.

“Mo mọ̀ pé wọn ò ní wọlé mọ́. Ọ̀fun mi ni ò tíì gbọ́.”

Omijé bọ́ lójú mi. Mo dé abọ́ tèmi náà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Wọ́n ní ẹ̀bà mi ń tutù. Mo ní àwọn ni mò ń dúró dè. Wọ́n ní olóríkunkun ni mí. Mo ní ẹni bíni làá jọ. Inú mi kùn rààà, kì í sì í ṣe pé mò ń díbọ́n. Màámi pòṣé, wọ́n fa àga, wọ́n ṣí abọ́ tiwọn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé òkèlè kan mì, wọ́n wá ń wò mí bóyá èmi náà á jẹ. A jẹ ẹ́ tán.

Mo kó abọ́ lọ sí kíṣìnnì. Kí n tó bu omi ìfọwọ́ dé, wọ́n ti sùn lọ lórí àga, ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo fi aṣọ tútù nu ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá dúró tì wọ́n, mò ń ṣọ́ wọn. Wọn ò mira, wọ́n kàn ń hanrun.